Kókó inú ẹnu tí kì í dunni: ìdí tí ojú lásán kò fi tó láti mọ orúkọ rẹ̀

Kókó kan lè yọ sí àjà ẹnu ènìyàn, kí ó má dùn ún, kí ó má ṣẹ̀jẹ̀, kí ó má sì dí oúnjẹ jíjẹ lọ́wọ́ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Nítorí pé kò dunni, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà á sí. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn ẹnu àti eyín máa ń tẹnu mọ́ ọn pé irú kókó bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó yẹ kí a tètè gbé lọ sí ilé ìwòsàn. Ó lè jẹ́ kókó ẹṣẹ́ itọ́, àìsàn tí kò wọ́pọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀ láàárín èyí tó jẹ́ jẹjẹrẹ àti èyí tí kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Ní ìlú Bìní, olú ìlú Ìpínlẹ̀ Ẹdó, ọ̀kan lára àwọn ibi tí a ti ń ṣe irú àyẹ̀wò yìí ni Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Yunifásítì Benin, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí UBTH, ní àdúgbò Ugbowo. Ọdún 1973 ni wọ́n dá ilé ìwòsàn náà sílẹ̀, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn yunifásítì fúnra rẹ̀. Àwọn aláìsàn ń wá síbẹ̀ láti Ẹdó àti Delta, àti láti Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Kogí tó bá Ẹdó pààlà. Àwọn oníṣègùn ẹnu àti eyín níbẹ̀ ti kọ ìwé ìwádìí nípa àwọn kókó ẹṣẹ́ itọ́ tí wọ́n rí, àti èyí tó wọ́pọ̀ díẹ̀ àti èyí tó ṣọ̀wọ́n gan-an.

Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ kókó inú ẹnu rí. Orúkọ tí a bá fún un ni yóò sọ bí wọn yóò ṣe tọ́jú rẹ̀, bí iṣẹ́ abẹ yóò ṣe gbòòrò tó, àti bóyá aláìsàn yóò nílò ìtọ́jú mìíràn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Inú ẹran ara kókó náà, lábẹ́ màíkírósíkóòpù, ni a ti ń rí orúkọ ọ̀hún.

Ibi tí itọ́ ti ń wá

Itọ́ kì í dédé wà lẹ́nu. Àwọn ẹ̀yà ara kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ẹṣẹ́ itọ́ ni wọ́n ń pèsè rẹ̀. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá máa ń pèsè itọ́ tó ìdajì lítà sí lítà kan àti ààbọ̀ lójúmọ́. Itọ́ yìí ló ń mú kí òkèlè rọrùn láti gbé mì, òun ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dídà oúnjẹ, òun náà ló sì ń ṣan ìdọ̀tí àti kòkòrò kúrò lára eyín.

Ẹṣẹ́ itọ́ ńlá mẹ́ta ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ojú. Èyí tó tóbi jù, tí a ń pè ní parotid, wà níwájú etí. Òun ni ó máa ń wú bí ọmọdé bá ní ṣegede. Èkejì, submandibular, wà lábẹ́ eegun àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Ẹ̀kẹta, sublingual, wà lábẹ́ ahọ́n. Yàtọ̀ sí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí, àwọn ẹṣẹ́ itọ́ kéékèèké tó tó 600 sí 1,000 fọ́n káàkiri abẹ́ awọ inú ẹnu àti ọ̀fun. Wọ́n wà ní àjà ẹnu, nínú ètè, nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, lára ahọ́n àti ní ìdí rẹ̀. Wọ́n kéré débi pé ènìyàn kò lè mọ̀ pé wọ́n wà, bẹ́ẹ̀ sì ni kókó lè yọ láti inú èyíkéyìí nínú wọn. Àjà ẹnu ni kókó ẹṣẹ́ kéékèèké yìí ti wọ́pọ̀ jù, pàápàá ní apá ẹ̀yìn, níbi tí àjà líle ti pàdé àfàsé, ìyẹn apá tó rọ̀.

Ìdí tí kékeré fi lè léwu ju ńlá lọ

Nínú gbogbo kókó tó ń yọ ní orí àti ọrùn, ti ẹṣẹ́ itọ́ kì í sábà ju 3 sí 6 lọ nínú 100. Ìdí nìyí tí dókítà eyín kan fi lè ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ kí ó tó rí ìwọ̀nba díẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣíṣọ̀wọ́n kò túmọ̀ sí àìléwu.

Ìlànà kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn máa ń kọ́: bí ẹṣẹ́ bá ṣe kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣeé ṣe sí i kí kókó tó yọ láti inú rẹ̀ jẹ́ jẹjẹrẹ. Nínú kókó 100 tó bá yọ nínú parotid, nǹkan bíi 20 sí 25 ni ó máa ń jẹ́ jẹjẹrẹ. Nínú submandibular, iye náà máa ń tó 40 sí 50. Nínú àwọn ẹṣẹ́ kéékèèké inú ẹnu, ó máa ń tó ìdajì tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti abẹ́ ahọ́n ni ó ga jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kókó kì í sábà yọ níbẹ̀.

Èyí túmọ̀ sí pé kókó tó rí bí ẹ̀pà ní àjà ẹnu lè gba ìfura ju kókó tó tó obì níwájú etí lọ. Ohun tó ń fa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn kókó wọ̀nyí kò tíì hàn kedere, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtànṣán líle tó bá kan orí àti ọrùn, irú èyí tó kan àwọn tó yè bọ́ nínú bọ́ǹbù átọ́míìkì ní Japan ní 1945, wà lára ohun tí ìwádìí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kì í ràn, kò sì sí ìdí fún ìtìjú.

Àwọn ohun tó máa ń ṣini lọ́nà

Bí a bá mú oníṣòwò obìnrin kan ní ọjà New Benin gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ yóò yéni. Ọjọ́ kan ni ahọ́n rẹ̀ kan kókó kan lẹ́yìn eyín òkè bí ó ti ń jẹun. Kò dùn ún, nítorí náà ó fi sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó ra oògùn tó ń pa kòkòrò ní ilé ìtajà oògùn, torí wọ́n ní eéwo ni. Kókó kò lọ. Ẹnìkan ní eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló fà á, wọ́n sì yọ eyín náà. Kókó ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó máa dé iwájú dókítà tó lè gé ẹran ara fún àyẹ̀wò, ọdún kan ààbọ̀ ti lọ.

Àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti aláìsàn nìkan, nítorí ohun púpọ̀ ni ó jọ kókó ẹṣẹ́ itọ́. Eéwo láti ìdí eyín tó ti kú lè wú sí àjà ẹnu. Bí ó bá jẹ́ eéwo, eyín kan yóò sábà wà níbẹ̀ tó ti jẹrà tàbí tó ń dunni, ibẹ̀ yóò gbóná, ọyún sì lè jáde. Eegun àjà ẹnu fúnra rẹ̀ máa ń yọ gógó ní àárín gbùngbùn lára ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara wọn dá ṣáká. Ó máa ń le bí òkúta, ó wà láàárín géérégé, kò sì nílò ìtọ́jú kankan. Kókó ẹṣẹ́ itọ́ ní tirẹ̀ sábà máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ kan.

Ohun mìíràn ni àpò omi tó máa ń wú sí ètè ìsàlẹ̀ bí ènìyàn bá ṣèèṣì ge ètè jẹ. Itọ́ ló dúró sínú rẹ̀, ó sì máa ń ní àwọ̀ búlúù díẹ̀. Kò léwu. Ṣùgbọ́n ọ̀kan lára jẹjẹrẹ ẹṣẹ́ itọ́, èyí tí a ń pè ní mucoepidermoid carcinoma, lè ní omi nínú kí ó sì ní irú àwọ̀ búlúù bẹ́ẹ̀ gan-an. Nítorí náà, dókítà tó bá rí ohun tó jọ àpò omi ní àjà ẹnu, níbi tí ènìyàn kò lè fi eyín gé ara rẹ̀ jẹ, kò gbọdọ̀ yára sọ pé kò sí nǹkan kan.

Nǹkan tún lè yí padà sí òdì kejì. Ní 1973, àwọn oníṣègùn mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Abrams, Melrose àti Howell, ṣàpèjúwe egbò kan tó máa ń yọ ní àjà ẹnu, tí wọ́n sọ ní necrotizing sialometaplasia. Egbò náà jọ jẹjẹrẹ lójú, ó tún lè jọ ọ́ lábẹ́ màíkírósíkóòpù, ṣùgbọ́n kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹ̀jẹ̀ ni kò dé inú ẹṣẹ́ itọ́ dáadáa tí apá kan fi kú, egbò náà sì máa ń jinná fúnra rẹ̀ láàárín bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 10. Àwọn aláìsàn kan wà tí wọ́n ti gé eegun àjà ẹnu wọn nítorí egbò yìí kí ìmọ̀ nípa rẹ̀ tó tàn kálẹ̀. Ìpalára ni kí a pe jẹjẹrẹ ní eéwo. Ìpalára náà ni kí a pe egbò tí yóò jinná ní jẹjẹrẹ.

Bí dókítà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò

Ìbéèrè ni ó máa ń ṣáájú. Dókítà yóò béèrè ìgbà tí kókó náà yọ, bóyá ó ń yára dàgbà, bóyá ó ń dunni, àti bóyá ó máa ń wú nígbà oúnjẹ kí ó tó lọ sílẹ̀. Èyí tó ń wú nígbà oúnjẹ sábà máa ń jẹ́ òkúta kékeré tó dí ọ̀nà itọ́, kì í ṣe kókó. Yóò tún béèrè bóyá apá kan ètè tàbí ojú ti kú tipiri, nítorí pé kíkú ara máa ń fi hàn pé àrùn náà ti ń wọnú iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára.

Lẹ́yìn náà ni yóò fi ojú wo gbogbo inú ẹnu, yóò sì fi ìka tó wọ ìbọ̀wọ́ tẹ kókó náà láti mọ̀ bóyá ó rọ̀ tàbí ó le, bóyá ó ń yẹ̀ tàbí ó ti so mọ́ eegun, àti bóyá awọ orí rẹ̀ ti di egbò. Yóò tún fọwọ́ wá ọrùn bóyá kókó mìíràn wà níbẹ̀.

Àwòrán ni ó máa ń tẹ̀ lé e. X-ray lè fi hàn bóyá eyín ló fa wíwú náà, ṣùgbọ́n kò lè sọ bí kókó ṣe jinlẹ̀ tó nínú ẹran. Síkáànù CT máa ń fi hàn bóyá ó ti ń jẹ eegun àjà ẹnu tàbí pé ó ti wọ ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. MRI ni ó dára jù láti fi wo ẹran ara àti iṣan. Àwòrán kò lè sọ orúkọ kókó; ibi tó dé ni ó ń sọ, kí oníṣẹ́ abẹ má baà ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn.

Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín àti ẹran ara díẹ̀

Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi máa ń mú ohun tí wọn yóò yẹ̀ wò. Èkíní ni abẹ́rẹ́ tín-ín-rín, tí wọ́n fi máa ń fa sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ jáde. Ọ̀nà yìí wúlò gan-an fún àwọn ẹṣẹ́ ńlá bíi parotid, níbi tí iṣan tó ń mú ojú ṣiṣẹ́ ti gba àárín rẹ̀ kọjá, tí kò sì bójú mu láti ṣí kókó náà sílẹ̀ lásán. Ní 2018, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n pè ní Milan System, tó pín èsì abẹ́rẹ́ yìí sí ìsọ̀rí 6, kí dókítà ní ìlú kan lè lóye èsì tó ti ìlú mìíràn wá.

Ọ̀nà kejì ni gígé ẹran ara díẹ̀, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù fún kókó àjà ẹnu. Dókítà yóò fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ tí yóò pa ibẹ̀ lára, yóò gé ẹran díẹ̀ láti inú kókó náà, yóò sì rán ibẹ̀. Kì í sábà gba àkókò púpọ̀, aláìsàn sì lè padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Ó yẹ kí ó gé e jinlẹ̀ tó, nítorí pé abẹ́ awọ ni kókó ẹṣẹ́ itọ́ wà. Bí ó bá jẹ́ awọ orí nìkan ni ó gé, èsì lè sọ pé kò sí nǹkan kan nígbà tí àrùn wà nísàlẹ̀. Fún kókó kékeré inú ètè, wọ́n lè gé gbogbo rẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé bí irin bá kan jẹjẹrẹ, ńṣe ni yóò bínú tàn kálẹ̀. Ìgbàgbọ́ yìí ti dá ọ̀pọ̀ dúró sílé. Gígé ẹran ara díẹ̀ ní àjà ẹnu láti ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í sọ kókó tí kì í ṣe jẹjẹrẹ di jẹjẹrẹ. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ aláìsàn ti pẹ́ kí wọ́n tó wá, àrùn náà sì ti tàn kí ọ̀bẹ tó kàn án. Ọ̀bẹ ni wọ́n wá ń dá lẹ́bi.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá àyẹ̀wò

Ẹran ara tí wọ́n gé yẹ kí ó wọ inú fọ́málíìnì lójú ẹsẹ̀, nínú ìgò tó gbòòrò, kí omi fọ́málíìnì náà sì pọ̀ tó ìlọ́po 10 ẹran ọ̀hún. Bí wọ́n bá fi í sínú omi lásán, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, kò sì ní ṣeé kà dáadáa. Orúkọ aláìsàn, ọjọ́ orí rẹ̀, ibi tí wọ́n ti gé e àti ìtàn kókó náà gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé tó bá a lọ. Dókítà tó ń yẹ ẹran ara wò kò rí aláìsàn. Ìwé yẹn ni ojú àti etí rẹ̀.

Ní yàrá àyẹ̀wò, wọn yóò fa omi inú ẹran náà jáde, wọn yóò rì í sínú ìda gbígbóná kí ó lè le, wọn yóò sì rẹ́ ẹ pẹlẹbẹ títí yóò fi fẹ́lẹ́ ju bébà lọ, bí ìdá 4 nínú 1,000 mìlímítà kan. Wọn yóò wá fi aró méjì kùn ún, ọ̀kan pọ́pù, èkejì rẹ́súrẹ́sú, kí inú sẹ́ẹ̀lì lè hàn. Nígbà náà ni dókítà yóò gbé e sábẹ́ màíkírósíkóòpù.

Iṣẹ́ yìí kò rọrùn. Irú kókó ẹṣẹ́ itọ́ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kà sílẹ̀ lónìí lé ní 30, bẹ́ẹ̀ àwọn kan jọ ara wọn bí ìbejì. Ìtò àkọ́kọ́ tí WHO ṣe lórí wọn jáde ní 1972, wọ́n sì ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mélòó kan láti ìgbà náà. Àpẹẹrẹ kan ni polymorphous adenocarcinoma, jẹjẹrẹ tó fẹ́ràn àjà ẹnu. Ní 1983 ni àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yà á sọ́tọ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, orúkọ mìíràn ni wọ́n ń fún un. Nínú ẹran kékeré tí wọ́n gé, ó lè jọ kókó tí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ohun tó máa ń tú àṣírí rẹ̀ ni bí ó ṣe ń yọ́ wọnú ẹran tó yí i ká, èyí tí a kò lè rí bí ẹran tí wọ́n gé kò bá dé etí kókó náà.

Níbi tí aró méjì yẹn kò bá ti tó, àwọn àyẹ̀wò mìíràn wà tí wọ́n fi ń wá èròjà kan pàtó nínú sẹ́ẹ̀lì. Ìmọ̀ nípa àbùdá tún ti lànà sí i. Ní 2010, Alena Skálová, onímọ̀ ará Czech, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàpèjúwe jẹjẹrẹ ẹṣẹ́ itọ́ kan tí àbùdá méjì, ETV6 àti NTRK3, so pọ̀ nínú rẹ̀. Secretory carcinoma ni orúkọ rẹ̀ lónìí. Ní 2018, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan, larotrectinib, tó ń dojú kọ irú àsopọ̀ NTRK bẹ́ẹ̀. Àpẹẹrẹ gidi ni èyí jẹ́ pé orúkọ tó péye lè ṣílẹ̀kùn ìtọ́jú tí orúkọ tí kò péye yóò tì.

Orúkọ yàtọ̀, ìtọ́jú yàtọ̀

Kókó ẹṣẹ́ itọ́ tó wọ́pọ̀ jù ni pleomorphic adenoma. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Síbẹ̀, bí wọ́n bá kàn họ ọ́ jáde láìgé ẹran díẹ̀ tó yí i ká, ó lè tún yọ. Bí wọ́n bá sì fi í sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó lè yí padà di jẹjẹrẹ. Ìṣirò tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìṣègùn ni pé ewu ìyípadà yìí jẹ́ nǹkan bíi 1.5 nínú 100 láàárín ọdún 5 àkọ́kọ́, ó sì ń súnmọ́ 10 nínú 100 bí ó bá ti lé ní ọdún 15.

Mucoepidermoid carcinoma ni jẹjẹrẹ ẹṣẹ́ itọ́ tó wọ́pọ̀ jù lágbàáyé. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n pín in sí. Èyí tó wà ní ìpele ìsàlẹ̀ sábà máa ń gbọ́ iṣẹ́ abẹ nìkan. Èyí tó wà ní ìpele òkè máa ń yára tàn, ó sì lè nílò ìtọ́jú onítànṣán lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Adenoid cystic carcinoma ló máa ń tan ènìyàn jẹ jù. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń dàgbà, ṣùgbọ́n ó máa ń rìn lẹ́bàá iṣan ìmọ̀lára, ó sì lè kọjá ibi tí ojú oníṣẹ́ abẹ dé. Nítorí èyí, ó lè máa dunni tàbí kí ó mú ojú kú tipiri. Ó lè padà wá lẹ́yìn ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀dọ̀fóró ni ó sì sábà máa ń tàn dé. Aláìsàn tó bá ní irú èyí kò gbọdọ̀ dáwọ́ lílọ sọ́dọ̀ dókítà dúró nítorí pé ara ti yá.

Kókó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lè dà bí ẹyọ kan náà ní àjà ẹnu. Fún ọ̀kan, wọn yóò gé ẹran díẹ̀; fún òmíràn, wọ́n lè gé apá kan eegun àjà ẹnu. Bí eegun bá lọ, ihò yóò wà láàárín ẹnu àti imú, oúnjẹ àti omi yóò máa gba imú jáde, ohùn yóò sì yí padà. Dókítà eyín lè ṣe àtọwọ́dá kan tó jọ àfikún eyín láti dí ihò náà, kí aláìsàn lè tún máa jẹun kí ó sì máa sọ̀rọ̀ ketekete.

Ìwádìí nílẹ̀ Áfíríkà

Ọ̀rọ̀ kókó yìí kì í ṣe tuntun ní Áfíríkà. Ní 1964, Davies, Dodge àti Denis Burkitt tẹ ìwádìí jáde lórí kókó ẹṣẹ́ itọ́ ní Uganda. Ní 1966, G. M. Edington, tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka àyẹ̀wò àrùn ní Ìbàdàn, àti A. Sheiham tẹ tiwọn jáde lórí kókó ẹṣẹ́ itọ́ àti kókó inú ẹnu ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ìbàdàn ni wọ́n ti ń kọ àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ láti 1960, nígbà tí Bìní ṣì wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. 1963 ni wọ́n yọ Ẹkùn Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn kúrò lára rẹ̀. Láti ìgbà náà, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní Èkó, Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀, Bìní àti àwọn ìlú mìíràn ti fi kún ìmọ̀ náà.

Àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì gan-an fún àrùn tó ṣọ̀wọ́n. Dókítà kan ṣoṣo kò lè rí iye aláìsàn tó tó láti dá kọ́ ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá ń kó àwọn ẹran ara tí wọ́n yẹ̀ wò pamọ́ fún ọdún púpọ̀, tí wọ́n sì ń tún wọn wò bí ìmọ̀ tuntun bá ti dé, ohun tí ẹnìkan kò mọ̀ lánàá lè wúlò fún aláìsàn ọ̀la.

Ìdènà tó wà lójú ọ̀nà

Owó ni àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ń san owó àyẹ̀wò àti síkáànù láti àpò ara wọn. Òfin ìdójútòfò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní May 2022 sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ìdójútòfò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kò tíì forúkọ sílẹ̀. Èkejì ni ọ̀nà jíjìn. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ni ó ní dókítà tó ń yẹ ẹran ara wò, àwọn àyẹ̀wò tó wá èròjà tàbí àbùdá kò sì sí ní ibi púpọ̀. Bákan náà ni ẹ̀rọ onítànṣán. Èyí tó wà ní Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni Yunifásítì Èkó, LUTH, ní Idi-Àràbà, níbi tí wọ́n ṣí ibùdó jẹjẹrẹ tuntun sí ní 2019, wà lára àwọn tí aláìsàn ń rin ìrìn àjò lọ bá.

Ẹ̀kẹta ni pé àwọn kan máa ń gbàgbé láti padà wá gba èsì. Wọ́n ti gé ẹran ara, egbò ti jinná, wọ́n sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Èsì tó wà nínú fáìlì tí ẹnikẹ́ni kò kà kò lè wo ènìyàn sàn.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe

Ẹ máa wo inú ẹnu yín lẹ́ẹ̀kan lóṣù, níwájú dígí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ wo ètè, ẹ̀rẹ̀kẹ́, èrìgì, ahọ́n àti abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì gbé orí sókè láti wo àjà ẹnu. Ẹ fi ìka tó mọ́ kàn án.

Ẹ lọ rí dókítà eyín tàbí dókítà etí, imú àti ọ̀fun bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí: kókó tàbí egbò tí kò lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3; kókó tó ti wà tipẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yára dàgbà; apá kan ojú, ètè tàbí ahọ́n tó kú tipiri; eyín tó ń mì láìsí ìdí; àtọwọ́dá eyín tí kò bá ẹnu mu mọ́; ẹnu tí kò ṣeé là dáadáa; tàbí kókó ní ọrùn.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ lásán ṣí kókó náà, ẹ má sì fi oògùn líle sun ún. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ eyín nítorí kókó, ẹ béèrè bóyá eyín náà ni ó fà á lóòótọ́. Bí wọ́n bá gé ẹran ara, ẹ béèrè ọjọ́ tí èsì yóò jáde, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà èsì náà sílé, nítorí pé dókítà mìíràn lè nílò rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 10. Bí èsì kò bá bá ohun tí dókítà ń rí lẹ́nu yín mu, kì í ṣe ìwà àfojúdi láti béèrè pé kí wọ́n tún un wò tàbí kí wọ́n gbé e fún onímọ̀ mìíràn.

Kì í ṣe gbogbo kókó inú ẹnu ni jẹjẹrẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ìtọ́jú tó rọrùn wà fún bí a bá tètè mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.